Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Iná Dé Bá Linux Mi

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Bàrígà mọ̀ pé mi ò ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù sì máa ń tètè bà mí. Àwọn méjèèjì yìí kì í gbé inú èèyàn kan kí ara onítọ̀hún rọgbọ. Tí fóònù bá dún lójijì, àyà mi á já. Tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo ti ń bi ara mi léèrè pé ta ló kú. Ẹ wá fojú inú wo irú èmi yìí níwájú kọ̀ǹpútà tó ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe pa òun, pé òun ń tún ara òun ṣe lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe nílé. Àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ló ń gbé e wá fún mi: ètò ìsìnkú, ìwé orin ìjọ, káàdì ìkómọ, ìwé àdúrà. Oníbàárà tó bá ti ní òun fẹ́ Yorùbá tó ní àmì lórí, wọ́n á ní, "Ẹ gbé e lọ fún àǹtí tó wà ní Bàrígà." Linux ni kọ̀ǹpútà mi ń lò. Àwọn tó bá rí i nílé mi máa ń ní, irú èwo tún nìyí? Màá ní ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, bíi ti gbogbo ayé, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni, àmì ohùn ò sì nira láti tẹ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé fláàṣì àwọn ará Ṣómólú ò lè pa á. Fláàṣì wọn yẹn! Láti ìdí ẹ̀rọ kan dé ìdí òmíràn ló ń lọ, gbogbo àrùn tó bá bá pàdé lọ́nà ló ń kó bọ̀. Kọ̀ǹpútà ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí kí n tó sá wọ inú Linux.

Ọ̀dọ̀ mi ni màmá wa ń gbé. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ohùn wọn ò kéré rárá. Tí wọ́n bá pe ọmọ wọn láti ojú fèrèsé, ọmọ ọlọ́mọ ní òpópónà kejì á dáhùn. Ọ̀fun ló kọ́kọ́ ń dùn wọ́n. A ní òtútù ni, a fún wọn ní oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ìgbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, dókítà ní àfi kí àwọn gé ibi tí ohùn ń gbà jáde kúrò kí ẹ̀mí tó lè dúró. Ó là á yé wa yékéyéké: ẹ̀mí á wà, ohùn ò ní sí mọ́. Mo rò pé màmá wa máa bèèrè bóyá ó máa dùn wọ́n. Wọn ò bèèrè ìyẹn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ta ló máa wá súre fún ọmọ mi?"

Àbúrò mi obìnrin ni wọ́n ń sọ, àbígbẹ̀yìn wọn, tó ti ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà. Nílé tiwa, láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ nínú yàrá. Ìyá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ súre fún un. A kì í rán ẹlòmíràn. Èmi náà kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tèmi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń dún létí mi tí nǹkan bá le.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, màmá wa ní kí n tan fóònù mi kó máa gba ohùn, kí n gbé e síwájú àwọn, kí n sì jáde. Mo jáde. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké bí ẹni tó já sí kòtò. Nígbà tí màmá wa ṣílẹ̀kùn, ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n ní, "Tọ́jú ẹ̀ o. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, kí o fi sétí àbúrò ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára èyí tó gbẹ̀yìn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn.

Mo gbé ohùn náà kúrò lórí fóònù, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, torí mo gbọ́kàn lé kọ̀ǹpútà mi ju fóònù tí ọmọ ìta lè já gbà lọ́wọ́ mi ní Palmgrove. Fóònù náà ti kún, mo bá pa ti orí rẹ̀ rẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fi sínú, mo ti sọ ọ́ fún ara mi tán.

Nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò mi ku bí ọ̀sẹ̀ kan, mo ní kí n dán ohùn náà wò. Mo gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́: "Ọmọ mi, ọmọ tí mo fi ṣe àṣekágbá." Mo pa á kíá, omi ti bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ilé kejì yẹn! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo màmá wa mọ́lẹ̀. Ètò kan wà tó lè fọ irú ariwo bẹ́ẹ̀ kúrò lára ohùn. Mo wá a kàn, ó ní Linux mi ti gbó jù fún òun, kí n lọ gbé ẹ̀yà tuntun wá. Ó sì ti pẹ́ tí Linux náà fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀ mí pé kí n sọ òun di tuntun, tí mò ń ní kó ṣe sùúrù. Mo ní ó dáa, ó yá, ká lọ. Wọ́n ní kéèyàn kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá ní pamọ́ síbòmíràn. Fláàṣì mi kún fún iṣẹ́ oníṣẹ́. Mo ní kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Ìsàlẹ̀. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìsàlẹ̀ ilé wa ni wọ́n ń gbé, àwa àti wọn la sì jọ ń lo jẹnẹrétọ̀ kan. Ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa, ni ṣéńjìófà wà, irin tí a fi ń yí ilé kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ sórí iná ìjọba. Kò sẹ́ni tó fi Bàbá jọba ṣéńjìófà, àwọn ló fi ara wọn jẹ. Tí wọ́n bá ti mú iná dé báyìí, tí àwọn ọmọ àdúgbò bá hó, orúnkún tó ti ń dun Bàbá láti àárọ̀ á di ti ọmọdé. Kí o tó dìde lórí àga, wọ́n ti gun àtẹ̀gùn dé òkè, wọ́n ti já irin náà wálẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ rò pé omi lepo ni?" Gbogbo wa máa ń kí wọn kú iṣẹ́. Láàárín kí wọ́n já a àti kí iná wọlé, ilé á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú akàn. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Fáànù á dẹ̀ díẹ̀, á tún padà sáré. Àmọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kì í ṣe fáànù, bátìrì tó sì yẹ kó gbé e ró ti kú sábẹ́ tábìlì mi. Ẹsẹ̀ ni mò ń gbé lé e.

Ọ̀sán ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, lórí jẹnẹrétọ̀. Ó ń lọ geerege. Ìlà ń sáré lójú ẹ̀rọ, ó ń kó ti àtijọ́ jáde, ó ń kó tuntun wọlé. Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó kọjá ìdajì, ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí, mo tiẹ̀ na ọwọ́ sí gúgúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ láti ìta: "Ééé! Wọ́n ti mú iná dé o!"

Mo fò dìde. "Bàbá! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ jọ̀ọ́ o!" Gúgúrú dànù. Ẹnu ni mo ní, Bàbá ní ẹsẹ̀. Gbàgà! Ilé ṣókùnkùn, ilé tún mọ́lẹ̀. Fáànù padà sẹ́nu iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà mi ò padà.

"Wọ́n ti mú iná dé o, ìyá oníwèé!" Bàbá ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní oore ni igún ṣe tó fi pá lórí. Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá ló ṣe oore, orí tèmi ló pá. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo tún kọ̀ǹpútà náà tàn, ojú rẹ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ funfun ṣàn wálẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Ìlà tó gbẹ̀yìn ní òun ò rí ọ̀nà wọ inú ilé ara òun. Mo pa á, mo tún un tàn. Bákan náà ni. Mo tún un ṣe láìmọye ìgbà. Orí mi ò! Ohùn màmá wa wà nínú àpótí yìí, kò sì sí níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run.

Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, àtẹ́wọ́ ni màmá wa fi ń pe èèyàn. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Mo yíjú, wọ́n la ọwọ́ méjèèjì: kí ló dé? Mo ní, "Kò sí nǹkan, mà. Kọ̀ǹpútà yìí ló ń ṣe bí èyí tí orí ẹ̀ dàrú." Wọ́n wò mí. Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀fun wọn, níbi tí wọ́n ń fi ìborùn bò, wọ́n nàka sí kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé ojú sókè: ṣé ó wà níbẹ̀? Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé irọ́ ni mo pa àbí òótọ́? Èmi gan-an ò mọ̀, àìmọ̀ yẹn ló sì ń pa mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo di àpótí kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà nínú kẹ̀kẹ́, ó di Ṣómólú, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí àwọn onítẹ̀wé ní kò sí kọ̀ǹpútà tó le fún un. Ó tan án, ó rí ọ̀rọ̀ funfun náà, ó rẹ́rìn-ín. "Linux kẹ̀? Àǹtí, ta ló ń lo ìyẹn? Ẹ jókòó, ẹ mu mínírà. Kí ẹ tó mu ún tán, màá ti fọ́mátì ẹ̀, màá ti gbé èyí tí gbogbo ayé ń lò sí i."

Fọ́mátì! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ń wúkọ́, fọ́mátì. Kọ̀ǹpútà ń sín, fọ́mátì. Wọ́n á fọ gbogbo inú rẹ̀ mọ́ fónífóní, wọ́n á wá máa yangàn pé ó ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ohùn ìyá mi wà níbẹ̀."

Ó ti ń wá fláàṣì tó fẹ́ fi ṣe é. Ó ní, "Ẹ ò ṣe ní kí màmá tún un sọ?"

Kò mọ̀. Mo mọ̀ pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan já nínú mi. Mo fa okùn iná yọ lára ògiri rẹ̀, mo ní, "Gbọ́wọ́ kúrò! Mo ní kó o gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wèrè. Mo gbé àpótí mi, mo bọ́ síta.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti fọ ohùn náà? Ṣé ó ń já gaara?" Mo ní, "Lọ máa di ẹrù ẹ, jàre." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́.

Màmá wa wá jókòó tì mí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, ti ṣéńjìófà, ti fọ́mátì, ti fóònù tí mo pa rẹ́. Mo ń retí kí wọ́n bojú jẹ́. Wọ́n kó mi ní ìkó lórí, kọ́ọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí mo bá da ọbẹ̀ nù ní kékeré, wọ́n sì nàka sí kọ̀ǹpútà: dìde, lọ ṣe é.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí fóònù. Àwọn tó ń lo Linux máa ń kọ ìṣòro wọn síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, ẹlòmíràn á wá dá wọn lóhùn láti ìlú tí wọn ò dé rí. Mo rí ẹni tí ojú rẹ̀ rí irú tèmi, iná lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àárín iṣẹ́. Wọ́n dá a lóhùn pé kó má fọ nǹkan kan, pé iṣẹ́ tó dáwọ́ dúró ni, kó ní kí kọ̀ǹpútà parí ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó jí tán, ó lè bi èèyàn bóyá ẹ̀yà tuntun ló fẹ́ lò àbí ti àtijọ́ tí kò tíì kó dànù. Kó mú ti àtijọ́. Ojú dúdú kan á ṣí, kò ní àwòrán, kò ní nǹkan kan, á kàn máa dúró de àṣẹ. Kó tẹ àṣẹ ìparí iṣẹ́ sí i. Wọ́n wá fi kún un pé tí iná bá tún lọ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì, kí ó má bi àwọn léèrè ohun tó máa kù.

Ìyẹn ló dá oorun dúró lójú mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní iná wo ni kí n fọkàn tán? Ti ìjọba lè lọ nígbàkígbà. Jẹnẹrétọ̀ ló kù, mo sì rọ epo sí i dé ẹnu. Ewu kan tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n mú iná dé. Ẹ ò rí ayé? Gbogbo Bàrígà ń bẹ Ọlọ́run kí iná dé, èmi nìkan ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì dé. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Bàbá Ìsàlẹ̀ láti kìlọ̀ fún wọn, ilẹ̀kùn wọn wà ní títì, wọ́n ti jáde.

Nígbà tí mo padà sókè, màmá wa ti gbé àga ilé ìdáná sábẹ́ ṣéńjìófà. Wọ́n jókòó sórí rẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ọmọrogùn wà lórí itan wọn. Wọ́n fi orí júwe fún mi pé kí n wọlé.

Mo tan kọ̀ǹpútà, mo mú ti àtijọ́, ojú dúdú náà ṣí. Mo tẹ àṣẹ náà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un yẹ̀ wò, mo sì ní kó máa lọ. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Á sáré díẹ̀, á dúró. Tó bá ti dúró, èmi náà á dá èémí dúró. Ó rìn títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ: "Ééé! Wọ́n ti mú iná dé o!"

Háà! Omi tútù dà sí mi lára. Bàbá ti dé láti ibi tí wọ́n lọ, ẹsẹ̀ wọn dún lórí àtẹ̀gùn. Mo di tábìlì mú.

"Ìyá, ẹ ṣí kúrò níbẹ̀, wọ́n ti mú iná dé!" Mi ò gbọ́ kí àga kúrò níbẹ̀. "Ìyá, epo ń jó dànù o!" Mo gbọ́ tí wọ́n fi igi lu ògiri, pá! "Ẹ̀yin náà kẹ̀, Ìyá! Kí ni mo ṣe?" Pá! Mo ń wo ìlà, ìlà ń rìn. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún nísàlẹ̀. Àdúgbò ti gba iná tán, àwa nìkan la ṣì ń jó epo.

Nígbà tí ìlà náà dúró, tó sì ní òun ti parí, mo ní kó tún ara rẹ̀ tàn. Àwòrán yọ. Kọ̀ǹpútà mi tuntun là lójú. Mo sáré lọ síbi tí ohùn náà wà, mo tẹ̀ ẹ́: "Ọmọ mi, ọmọ tí mo fi ṣe àṣekágbá." Mo pa á. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fóònù, sórí fláàṣì, sórí fóònù àbúrò mi, mo tún fi ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ṣì ń ké lẹ́yìn ohùn náà. Mo ní kó máa ké lọ, mi ò fọ nǹkan kan mọ́ láyé. Mi ò gbọ́ ọ dé òpin, torí ọkàn mi ò lè gbà á.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá dúró sí igun kan, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Màmá wa gbé ọmọrogùn sókè, wọn ò tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ lè já a wàyí." Bàbá wo ojú màmá wa ná kí wọ́n tó na ọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, àwa mẹ́ta péré ló wà nínú yàrá. Màmá wa jókòó sí etí ibùsùn, àbúrò mi kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó wé gèlè tán, ó ti ń sunkún kí n tó ṣe nǹkan kan. Mo na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi, ọmọ tí mo fi ṣe àṣekágbá." Màmá wa dijú. Ohùn náà ń bá a lọ: "Bí o bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí n ti lọ. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí o kúnlẹ̀ fún. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọwọ́ mi, ẹnu rẹ̀ ni ẹnu mi…"

Àbúrò mi ti ń yí orúnkún sọ́dọ̀ mi. Màmá wa lajú, wọ́n pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, pá. Wọ́n na ọwọ́ sí mi: pa á.

Mo pa á. Wọ́n di èjìká àbúrò mi mú, wọ́n yí i padà sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Afẹ́fẹ́ ń jáde níbi ìborùn ọ̀fun wọn, fúú, fúú, kò sí ohùn nínú rẹ̀. Wọ́n ń wí i, wọ́n ń wí i, wọn ò kánjú. Tí ètè wọn bá ti sinmi, àbúrò mi á ní, "Àmín." Èmi náà kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mò ń ṣe àmín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó parí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fọwọ́ kan etí wọn, wọ́n gbójú sókè sí wa: ṣé ẹ gbọ́?

A ní a gbọ́, mà.